Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí Ló Dé Tí Ojú Wíńdò Mi Ń Ṣe Ségesège?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà: mo kọ áàpù, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ò dáa. Ohun tó yẹ kó pòórá ò pòórá, ohun tó yẹ kó hàn ò hàn àfi téèyàn bá fa wíńdò yẹn síwá sẹ́yìn, tàbí kí gbogbo ẹ̀ máa ṣẹ́jú bí iná tó fẹ́ kú. Mo pinnu pé àwọn wọ̀nyẹn nìkan ni màá dáhùn lọ́tẹ̀ yìí, torí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí níyà fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí lára kéèyàn jókòó ti kóòdù tí ò ní ẹ́rọ̀ kankan, tí gbogbo ìṣirò inú ẹ̀ pé, síbẹ̀ tí ẹni tó ń lò ó ń sọ pé áàpù yín ti bàjẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Java ni, ọdún kejì mi rèé ní yunifásítì. Mo kọ pírógíráàmù kékeré kan tí wọ́n fi ń yàwòrán, téèyàn bá fi máòsì fà á, láìnì á jáde. Ó ń jáde dáadáa. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fẹ wíńdò náà, tàbí tí mo gbé e sísàlẹ̀ tí mo tún gbé e padà, gbogbo ohun tí mo yà ti lọ nìyẹn. getGraphics ni mo fi ń yà á. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ìdáhùn: Àbúrò, àwa tá a ti ń kọ áàpù tipẹ́ náà ti ṣe ohun tó o ṣe yìí rí, torí náà má jẹ́ kó dùn ẹ́. Ojú wíńdò yẹn, pátákó ni, sístẹ́ẹ̀mù ló sì ni pátákó náà. Ìgbà tó bá wù ú ló ń pa á rẹ́, tó bá pa á rẹ́ tán á wá pè ẹ́ pé ó yá, wá kọ tìẹ síbẹ̀. Ìpè yẹn ni wọ́n ń pè ní paintComponent nínú Swing, ohun èlò tí Java fi ń ṣe wíńdò. Ìwọ wá fi getGraphics gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, o ya láìnì rẹ sórí pátákó nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pè ẹ́, ó hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá pè ẹ́ gan-an, áàpù rẹ ò ní nǹkan kan láti sọ, torí kò síbi tó kọ ohun tó yà sí. Ó ti gbàgbé.

Bó o ṣe máa tún un ṣe nìyí. Ṣe lísìtì kan, ArrayList lásán ti tó, kó máa tọ́jú gbogbo ibi tí máòsì bá gbà kọjá. Tí máòsì bá ti rìn, iṣẹ́ méjì péré ni kóòdù tó ń gbọ́ ti máòsì gbọ́dọ̀ ṣe: kó fi ibi tuntun yẹn sínú lísìtì, kó sì pe repaint. Kò gbọ́dọ̀ ya nǹkan kan. repaint fúnra ẹ̀ ò yàwòrán, ó kàn ń sọ fún sístẹ́ẹ̀mù pé ibí yìí ti dọ̀tí, ẹ bá mi wò ó tí àyè bá yọ. Tó o bá pè é ní ìgbà ogún kí àyè tó yọ, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa padà pè ẹ́, nǹkan tó dáa sì nìyẹn, kó má dà ẹ́ láàmú. Inú paintComponent lo ti máa wá ka lísìtì náà látòkè délẹ̀, kó o ya gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kó o tó yà á, pe super.paintComponent ná o, òun ló ń nu ojú páńẹ́ẹ̀lì. Tó o bá gbàgbé ẹ̀, àwòrán àná á máa hàn lábẹ́ tòní, nígbà míì gan-an bọ́tìnnì tó wà níbòmíì lójú wíńdò á fara hàn nínú páńẹ́ẹ̀lì rẹ, wàá máa wá ibi tó ti wá kiri.

Tí láìnì bá wá pọ̀ débi pé kíkà wọn ń falẹ̀, yà wọ́n sínú BufferedImage, ìyẹn àwòrán tó wà nínú mẹ́mórì, kí paintComponent máa gbé àwòrán yẹn jáde. Ìyẹn ò burú, torí tìẹ ni àwòrán yẹn, kò sẹ́ni tó máa pa á rẹ́ lẹ́yìn rẹ.

Ohun tó ń mú kí àṣìṣe yìí pẹ́ kó tó hàn lóde òní ni pé láyé Windows XP, tí wíńdò míì bá kàn gorí tìẹ tó sì kúrò, sístẹ́ẹ̀mù á ní kó o wá yà á padà, àṣìṣe rẹ á tú síta lójú ẹsẹ̀. Láti ìgbà tí Vista jáde sáàárín ìlú ní 2007, sístẹ́ẹ̀mù ti ń tọ́jú àwòrán wíńdò kọ̀ọ̀kan síbi ọ̀tọ̀, wíńdò míì lè gorí tìẹ látàárọ̀ dalẹ́ kó má pè ẹ́. Èmi náà ti jìyà ẹ̀. Mo kọ áàpù kan fún oníbàárà kan nígbà kan, mo dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí wàhálà, ọjọ́ tí mo lọ fi hàn án ló fa etí wíńdò kó lè fẹ̀ sí i, gbogbo gíráàfù bá pòórá. Mi ò lè gbàgbé bí yàrá yẹn ṣe dákẹ́. Látọjọ́ náà, kí n tó gbà pé iṣẹ́ kan parí, màá di etí wíńdò mú, màá fà á wọlé màá fà á jáde fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ìwọ náà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o. C# ni mo ń kọ, WinForms tí wọ́n fi ń ṣe wíńdò lórí Windows ni mo ń lò. Mo ní páńẹ́ẹ̀lì kan tó ń fi gíráàfù hàn, ó ń yí padà lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń ṣẹ́jú débi pé ojú ń ro mí. Ẹnìkan ní kí n pe Refresh dípò Invalidate, mo ṣe é, ó tún wá burú sí i.

Ìdáhùn: Ìmọ̀ràn yẹn ò ràn yín lọ́wọ́. Invalidate ń sọ pé ibí ti dọ̀tí, tí àyè bá yọ kí wọ́n wá yà á. Update ń sọ pé èyí tó ti dọ̀tí yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ yà á báyìí báyìí. Refresh pa méjèèjì pọ̀, ó sì tún kó gbogbo ohun tó wà nínú páńẹ́ẹ̀lì náà mọ́ ọn. Torí náà ńṣe lẹ ń fipá mú un kó nu ojú ẹ̀ kó sì tún un yà lójú ẹsẹ̀, láì jẹ́ kó kó ìpè bíi mẹ́ta pọ̀ sọ́kan.

Ohun tó ń mú un ṣẹ́jú gan-an ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń kun páńẹ́ẹ̀lì yín. Windows á kọ́kọ́ rán WM_ERASEBKGND, ìyẹn á fi àwọ̀ ẹ̀yìn bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni kóòdù yín tó ń dáhùn WM_PAINT á wá ya gíráàfù. Àárín méjèèjì kéré gan-an ṣùgbọ́n ojú èèyàn ń rí i, tó bá wá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òfìfo, gíráàfù, òfìfo, gíráàfù, ojú á ro yín lóòótọ́. Ọ̀nà àbáyọ ni kí yíyà náà ṣẹlẹ̀ níbi tójú ò tó, nínú bọ́fà, kó jẹ́ pé èyí tó ti parí ni wọ́n máa gbé síta lẹ́ẹ̀kan náà. Láti .NET 2.0 tó jáde ní 2005 ni DoubleBuffered ti wà fún iṣẹ́ yìí. Ibi tó ń dá àwọn èèyàn lágara ni pé protected ni, ẹ ò lè dúró níta kẹ́ ẹ kọ panel1.DoubleBuffered = true, kò ní gbà. Ẹ ṣe kíláàsì tiyín tó jogún Panel, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sínú constructor ẹ̀. Níbẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti sọ ResizeRedraw di true, torí tí wíńdò bá fẹ̀, apá tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nìkan ni wọ́n máa ń kà sí ìdọ̀tí, gíráàfù tó yẹ kó nà dọ́gba á wá dà bí aṣọ tí wọ́n fi oríṣi méjì lẹ̀ pọ̀, apá òsì tàtijọ́, apá ọ̀tún tuntun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wo inú OnPaint yín bóyá CreateGraphics wà níbẹ̀. e.Graphics tí wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fi yà á. CreateGraphics ò mọ̀ pé bọ́fà kankan wà, ojúde ló ń yà sí tààrà, tẹ́ ẹ bá wá lò ó, gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí ò ní wúlò fún yín.

Tó bá jẹ́ ListView ló ń ṣẹ́jú nígbà tẹ́ ẹ ń rọ́ nǹkan sínú ẹ̀, BeginUpdate ṣáájú, EndUpdate lẹ́yìn, ó tán.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, mo kí yín. Áàpù Mac ni mo ń kọ láti nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Kóòdù kan wà tí mi ò fọwọ́ kàn látọjọ́ tó ti pẹ́, mo kàn fi Xcode 15, irinṣẹ́ tá a fi ń kọ áàpù Mac, kọ́ ọ pọ̀ ni, ni view kan, ìyẹn apá kan lójú wíńdò, bá ń fi àwọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ kun ojú àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àkọlé tó wà lókè ẹ̀ ò hàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ èyí tí mo fi Xcode àtijọ́ kọ́ pọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ geere lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Ṣé kóòdù mi ni àbí nǹkan kan yí padà?

Ìdáhùn: Nǹkan kan yí padà, ṣùgbọ́n kóòdù yín ti fẹ̀yìn ti ògiri kan látọjọ́ yìí láìmọ̀, ògiri yẹn ni wọ́n wó.

Títí dé macOS 13, tí view bá fẹ́ yà kọjá ààlà ara ẹ̀, AppKit, ohun èlò tí Mac fi ń ṣe wíńdò, máa ń gé e dànù fún un. Nígbà tó di macOS 14, ìyẹn Sonoma tó jáde ní 2023, áàpù tí wọ́n bá fi SDK (àkójọ irinṣẹ́ ìkọ́ áàpù) ti macOS 14 kọ́ pọ̀ ò ní rí gígé yẹn mọ́ àfi tó bá bèèrè fún un. clipsToBounds lorúkọ ẹ̀, false ló sì ń bá bẹ̀rẹ̀ báyìí. Xcode 15 ló gbé SDK náà wá, ìdí nìyẹn tí èyí tẹ́ ẹ ti kọ́ pọ̀ tẹ́lẹ̀ ò fi yí ìwà padà.

Ẹ lọ wo draw yín. Ó dá mi lójú tó bí ẹni pé mo jókòó síwájú ẹ̀ pé láìnì tó ń kun ẹ̀yìn ń kun dirtyRect, àyè tí wọ́n ní kẹ́ ẹ tún yà. Ọ̀pọ̀ wa ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹlòmíì ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Ní báyìí, dirtyRect tí wọ́n máa gbé fún yín lè tóbi ju view fúnra ẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó máa gé e, torí náà gbogbo àyè tí wọ́n bá dá lé yín lọ́wọ́ lẹ máa kùn, tẹ́lòmíì náà á bá a lọ. Ẹ kun bounds. dirtyRect wà kẹ́ ẹ lè fi mọ ohun tí ẹ ò nílò láti yà, bí àpẹẹrẹ ìlà 40 nínú tébù tí kò sí nínú àyè tó dọ̀tí, ẹ fò ó. Kò wà kẹ́ ẹ fi mọ bí view yín ṣe tóbi tó, bounds ló mọ ìyẹn.

Tí irú draw yẹn bá pọ̀ káàkiri tí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbé e jáde sì ti sún mọ́, ẹ kọ clipsToBounds = true sínú view tó ń dà yín láàmú, ó ṣeé lò padà sẹ́yìn dé 10.9. Mi ò ní fi í ṣe àṣà o. Tí view bá ń gé ara ẹ̀, apá lẹ́tà tó ga tàbí tó wọ́ sísàlẹ̀ ju ààlà lọ á gé pẹ̀lú, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí tí mo bá rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé lórí nínú áàpù tó dáa.

Ohun kan kù. Tí isOpaque yín bá ń dáhùn true, ẹ ti ṣèlérí pé gbogbo ojú view náà lẹ máa kùn. Tẹ́ ẹ bá wá fi igun kan sílẹ̀ bóyá torí pé ẹ fẹ́ kí igun ẹ̀ rí róbótó, ohun tó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa rí. Ẹ jẹ́ kó dáhùn false.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Qt, ohun èlò C++ tí wọ́n fi ń ṣe wíńdò, ni mo fi ń kọ áàpù kan, QGraphicsScene ni mo lò, àwọn àpótí wà nínú ẹ̀ tó ṣeé fà kiri, mo fúnra mi sì kọ item náà pẹ̀lú boundingRect ẹ̀. Nígbà tí láìnì etí àpótí ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí wàhálà. Ọ̀gá mi ní kí n jẹ́ kó nípọn kó lè hàn, mo sọ ọ́ di 12, látìgbà yẹn tí mo bá fa àpótí, ó ń fi ipa sílẹ̀ bí ìgbín. Wọ́n ní kí n lo FullViewportUpdate, ipa yẹn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n áàpù wá ń falẹ̀.

Ìdáhùn: Lẹ́tà yín dùn mọ́ mi nínú nítorí tẹ́ẹ́rẹ́ àti nínípọn tẹ́ ẹ sọ yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní kíyè sí i.

boundingRect ni ìlérí tẹ́ ẹ ṣe fún Qt pé àyè yìí ni mo máa yà sí, mi ò ní kọjá ẹ̀. Qt gbà yín gbọ́. Tí àpótí bá kúrò níbì kan, àyè tẹ́ ẹ sọ yẹn ló máa nù, kò ní wo ẹ̀yìn ẹ̀. Pẹ́ẹ̀nì tó nípọn 12 wá máa ń gun orí láìnì ni, 6 á wà nínú, 6 á wà níta. Tí boundingRect yín bá dúró sórí láìnì gẹ́lẹ́, 6 tó wà níta ni kò sẹ́ni tó ń nù ún. Kí ló wá dé tí pẹ́ẹ̀nì tẹ́ẹ́rẹ́ ò dá wàhálà sílẹ̀? Torí pé QGraphicsView máa ń fi píkísẹ́lì 2 kún àyè tó ń nù ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, nítorí àwọn láìnì tí etí wọn rọ̀. Pẹ́ẹ̀nì 1 tí ìdajì ẹ̀ yọ síta, inú 2 yẹn ló ń sá pamọ́ sí. Àṣìṣe náà ti wà látìbẹ̀rẹ̀, Qt ló ń bá yín bo àṣírí ẹ̀.

Torí náà, kí boundingRect dá rect yín padà pẹ̀lú adjusted(-6, -6, 6, 6), ó dáa jù kẹ́ ẹ fi ìdajì pẹ́ẹ̀nì ṣírò ẹ̀ kó lè máa bá pẹ́ẹ̀nì yí padà. Tí ìnípọn yẹn bá lè yí padà nígbà tí áàpù ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ pe prepareGeometryChange kẹ́ ẹ tó yí i padà, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pè é lẹ́yìn, Qt á ti pàdánù ibi tí àpótí wà tẹ́lẹ̀, ipa míì nìyẹn. Kẹ́ ẹ wá yọ FullViewportUpdate kúrò. Òótọ́ ni pé kò sí ipa mọ́ nígbà tẹ́ ẹ lò ó, torí gbogbo ojú wíńdò ló ń tún yà nítorí àpótí kan tó sún díẹ̀.

Màá kọ́ yín ní ohun kan tí mo máa ń ṣe tí mi ò bá mọ ibi tí wọ́n ń tún yà. Mo máa ń jẹ́ kí kóòdù mú àwọ̀ kan, àwọ̀ èyíkéyìí tó bá bọ́ sí i, kó fi kun ẹ̀yìn nígbàkígbà tí wọ́n bá ti pè é láti yà. Ibi tó bá yí àwọ̀ padà, wọ́n yà á. Ibi tí àwọ̀ ò yí, wọn ò fọwọ́ kàn án. Láàárín ìṣẹ́jú kan ẹ máa rí ohun tẹ́ ẹ ti ń fi lọ́ọ̀gì wá láti àárọ̀. Àwọn tó ń kọ Mac lè lo Quartz Debug, ó máa ń kọ mànà síbi tí wọ́n bá ń tún yà, GTK, ohun èlò wíńdò míì, náà ní irú ẹ̀ nínú Inspector tó ń ṣí pẹ̀lú Ctrl, Shift àti D.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ o. Áàpù mi ń ka fáìlì 3,000, mo fi label síbẹ̀ tó yẹ kó máa ka 1, 2, 3 bó ṣe ń lọ. Kò yí padà rárá, wíńdò á funfun, wọ́n á ní kò dáhùn, ìgbà tó bá parí ni 3,000 á wá yọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdáhùn: Sístẹ́ẹ̀mù ń pè yín, ẹ ò sí nílé ni. Nígbà tẹ́ ẹ yí ọ̀rọ̀ inú label padà, ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé label ti dọ̀tí ni, ìpè láti yà á á wá lọ tò sórí ìlà, thread (okùn iṣẹ́ kan nínú áàpù) tó máa jẹ́ ìpè yẹn ló sì ń ka fáìlì yín lọ́wọ́. Tí thread náà bá ti lo ìṣẹ́jú àáyá 5 láìgbọ́ ohun tó wà lórí ìlà, Windows á gbà pé áàpù ti dákú, ibi tí fífunfun yẹn ti wá nìyẹn. Lójú kọ̀ǹpútà tó ń yí padà nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mìlísẹ́kọ́ǹdì 16 àti díẹ̀ lẹ ní láàárín ẹ̀ẹ̀kan sí ìkejì, ohunkóhun tó bá ti jù ú lọ, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Ẹ gbé kíka fáìlì lọ sórí thread míì, kí òun wá máa rán nọ́ńbà padà. Nínú Java, SwingWorker. Nínú C#, Task pẹ̀lú Progress. Nínú Qt, signal láti QThread. Lórí Mac, DispatchQueue.main.async. Thread tó ń ka fáìlì yẹn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan label fúnra ẹ̀ o, ó lè ṣiṣẹ́ lónìí kó fi ọ̀la bà yín lójú jẹ́, mo sì ti rí èyí tó lo oṣù mẹ́fà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó.

Wọ́n máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ kàn fi DoEvents sáàárín loop. Ẹ má ṣe é. Nígbà tí DoEvents bá ń gbọ́ ohun tó wà lórí ìlà, á gbọ́ ti bọ́tìnnì náà, ẹni tó ń lò ó á tún tẹ Bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, loop méjì á máa ka fáìlì kan náà nínú ara wọn.

Ìbéèrè: C++ ni mo ń kọ, Win32 lásán, ìyẹn ohun tí Windows fúnra ẹ̀ ní. Wàhálà méjì ni mo ní. Fáànù kọ̀ǹpútà ń pariwo látìgbà tí áàpù bá ti ṣí, kódà tí mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan, GetDC ni mo lò nínú WM_PAINT. Èkejì, mo ní táímà tó ń lù lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan láti yí àwọ̀ iná kékeré kan padà, CreateSolidBrush ni mo fi ń ṣe é. Tó bá ti ń sún mọ́ wákàtí mẹ́ta, láìnì ò ní jáde mọ́, bọ́tìnnì á di dúdú.

Ìdáhùn: Ti fáànù ná. BeginPaint kì í ṣe kìkì pé ó ń fún yín ní ohun tẹ́ ẹ fi ń yàwòrán, òun náà ló ń sọ fún Windows pé ibi tó dọ̀tí ti mọ́. GetDC ò sọ ìyẹn. Torí náà ẹ yà á tán, Windows wò ó, ó rí i pé ó ṣì dọ̀tí nínú ìwé tòun, ó tún rán WM_PAINT, ẹ tún yà á, títí láéláé. Ẹ fi BeginPaint àti EndPaint rọ́pò ẹ̀, fáànù á dákẹ́. Bákan náà lẹni tó ń pe Invalidate nínú OnPaint tàbí update nínú paintEvent ṣe ń ṣe ara ẹ̀.

Ti wákàtí mẹ́ta yẹn, ẹ bá mi ṣírò. Táímà yín ń dá brush kan, ohun tí wọ́n fi ń kun àwọ̀, nígbà kọ̀ọ̀kan, kò sì sí DeleteObject kankan nínú ohun tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́. 10,000 irú nǹkan ìyàwòrán bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní GDI objects, ni Windows máa ń gbà fún áàpù kan tí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. 10,000 ìṣẹ́jú àáyá jẹ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 46 ó lé díẹ̀. Ẹ ṣí Task Manager, kẹ́ ẹ fi òpó GDI objects kún ohun tó ń fi hàn nínú Details, ẹ máa rí nọ́ńbà yẹn bó ṣe ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa brush kọ̀ọ̀kan rẹ́ tẹ́ ẹ bá lò ó tán, tó bá jẹ́ pé SelectObject lẹ fi mú un, ẹ kọ́kọ́ dá ti àtijọ́ padà sáàyè ẹ̀ kẹ́ ẹ tó pa tuntun rẹ́. Tàbí kẹ́ ẹ dá brush méjì péré níbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí wọn lò, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Èmi fúnra mi ni mo kọ ibi tó ń ṣírò àyè tó dọ̀tí nínú áàpù mi. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi tí ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń tóbi lójú ẹ̀ wà ní 100%, ohun gbogbo mọ́ tónítóní. Lórí ti ẹni tó rà á tó wà ní 125%, tí àpótí bá kúrò, ó ń ṣẹ́ku láìnì tín-ín-rín kan lápá òsì. Kì í ṣe gbogbo àpótí ló ń ṣe é.

Ìdáhùn: Gbólóhùn yín tó gbẹ̀yìn yẹn ni ìdáhùn. Ẹ mú àpótí kan tó bẹ̀rẹ̀ láti 3 tó parí sí 10. Ní 125%, 3 di 3.75, 10 di 12.5. Tí kóòdù yín bá ń mú nọ́ńbà lọ síbi tó sún mọ́ ọn jù, 3.75 á di 4, ẹ máa ní kí wọ́n nu láti píkísẹ́lì 4 lọ. Ṣùgbọ́n àpótí yẹn ti fi àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan píkísẹ́lì 3, ìdá mẹ́rin ẹ̀ kan wà lábẹ́ àpótí, òun ni láìnì tín-ín-rín tó ṣẹ́ kù yẹn. Àpótí tó bẹ̀rẹ̀ láti 4 ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ rárá torí 4 di 5 gẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń mú àwọn kan tó ń fi àwọn kan sílẹ̀, tẹ́ ẹ sì ti lè rò pé àwọn àpótí kan pàtó ló níṣòro.

Àyè tó dọ̀tí kì í lọ síbi tó sún mọ́ jù, òde ló máa ń lọ ní gbogbo ìgbà: òsì àti òkè pẹ̀lú floor tó ń mú nọ́ńbà wálẹ̀, ọ̀tún àti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ceil tó ń mú un gòkè. Tiyín á wá jẹ́ 3 sí 13. Kí ìṣirò yẹn sì wáyé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi 1.25 lù ú tán o, tó bá jẹ́ ṣáájú ni, kò wúlò fún nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ẹ gbé kọ̀ǹpútà tiyín sí 125, kẹ́ ẹ gbé e sí 150, kẹ́ ẹ gbé e sí 175, kẹ́ ẹ to àpótí mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 9, kẹ́ ẹ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò láyè ẹ̀, kẹ́ ẹ wá sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà dáadáa wo apá òsì ibi tó ti kúrò.